Ọdún Tí Màámi Pín Ojú Ọjọ́ sí Méjì

Òórùn káfúrà ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí Táyé kúrò ní Ẹgbẹ́dá. Láti ìdájí ni Màámi ti fa àpótí onírin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn náà sì ti gba yàrá, ó gba pálọ̀, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ayálégbé yòókù ti ń fọ eyín. Oṣù kẹta ni, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò tíì yọ dáadáa tí àwa fi ń làágùn. Nínú ooru yẹn ni Màámi ti mú súwẹ́tà òwú kan tó nípọn jáde, ó wọ̀ ọ́ fún Táyé, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Lẹ́yìn náà ló mú ìkejì rẹ̀ jáde, àwọ̀ kan náà, bọ́tìnnì kan náà, ó ní kí èmi náà na ọwọ́ mi.

Táyé ń lọ sí Òkè. Èmi ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ìbejì ni wá, ohun tí Màámi bá sì ṣe fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwa méjèèjì nínú súwẹ́tà, tí ọ̀kan ń retí ọkọ̀, tí èkejì ń wò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá. Táíwò ni orúkọ rẹ̀, Táyé la máa ń pè é nílé. Èmi ni Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Alímòṣọ́ nígbà náà á rántí bí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù ṣe rí kó tó di pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù kún un. Eruku pupa ni láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà òjò, ẹrẹ̀ pupa láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́. Bí eruku yẹn bá wọ èmi nímú, màá sín, ó tán. Ti Táyé kì í tán. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, àyà rẹ̀ á máa dún fée, fée, bí ẹni tó gbé fèrè mì. Ikọ́ fée ni àwọn àgbà ń pè é. Màámi á gbé e jókòó, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà ara rẹ̀, á máa fọwọ́ ra á léjìká títí tí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Èmi á jókòó sórí ẹní tèmi, màá máa wò wọ́n. Kí ẹ má rò pé Òkè ló kọ́ mi ní owú. Ó ti wà lára mi tipẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Láńre, àbúrò Màámi lọ́kùnrin, ló mú ọ̀rọ̀ Òkè wá. Kúùkù ni ní ilé ìsinmi kan tó wà ní àfonífojì láàárín àwọn òkè, lọ́hùn-ún lápá Jos. Ìlú kékeré ni. Àwọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ilé síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì lọ tán, àwọn olówó tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lo ọlidé níbẹ̀. Àwọn tó ń wá gba afẹ́fẹ́ ló ń bọ́ gbogbo ìlú náà. Bọ̀ọ̀dá Láńre máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i.

"Bó ṣe rí lóṣù kìíní náà ló rí lóṣù kẹfà," ló sọ fún Màámi. "Kò gbóná, kò sì tutù jù. Òkè yí i ká ṣá, eruku ò ráyè wọlé. Ẹ gbé Táyé fún mi jàre, ẹ̀gbọ́n mi, kí àyà ọmọ yìí sinmi."

Bàbá wa, tó jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, gbà kíákíá. Màámi sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá súwẹ́tà. Ó lọ sí ìdí òkìrìkà ní ọjà Ìkòtún, ṣùgbọ́n níbo lèèyàn ti máa rí súwẹ́tà ọmọdé méjì tó bára mu nínú òkìtì aṣọ òkìrìkà? Ọ̀kan ṣoṣo tó nípọn tó rí, ti géńdé ọkùnrin ni, àwọ̀ ewé. Télọ̀ ni Màámi, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dẹ́rù bà á. Ó rà á, ó tú u palẹ̀ láti apá dé ìdí, ó ká òwú rẹ̀ jọ, ó sì bẹ àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mọ súwẹ́tà hun pé kó bá òun fi hun méjì. Bàbá wa béèrè ohun tí Kẹ́hìndé fẹ́ fi súwẹ́tà ṣe ní Ẹgbẹ́dá. Màámi ní, "Ohun tí Táyé fẹ́ fi ṣe náà ni."

Mi ò sunkún lọ́jọ́ tó lọ. Inú ló bí mi. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìyá Sùúrù, tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé wa, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra epo ló máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kẹ́hìndé, ìwọ tó o rán an níṣẹ́, ṣé ó ti wá jíṣẹ́ fún ẹ?" Á sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo rán èèyàn níṣẹ́, ó débẹ̀, ibẹ̀ dùn, ó jókòó.

Bọ̀ọ̀dá Láńre kì í kọ̀wé. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ l'Ékòó, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe nígbà náà. A ó ki bátìrì tuntun bọ rédíò Bàbá, a ó jókòó yí i ká, ohùn Táyé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò tiẹ̀ ní kí wa tán tí yóò fi máa ròyìn ojú ọjọ́.

"Màámi, wọn ò ní fáànù níbí o. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń sùn. Tí mo bá sáré, mi kì í làágùn. Àràárọ̀ ni ìkùukùu máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, tó bá yá, oòrùn á yọ, ṣùgbọ́n kì í jó wa. Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé."

Kí wọ́n bá a kí Kẹ́hìndé. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, tí òógùn ń ṣàn ní ìpàkọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ló dùn mí jù. Ilé wa náà ní búláńkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀bùn ìgbéyàwó Màámi ni, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni bò ó rí. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Màámi ò jiyàn, torí Táyé ní tirẹ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì dà á bò mí. Kò pẹ́ tí gbogbo ara mi fi rin gbingbin, tí mo ń mí bí ajá. Mi ò ṣí i kúrò. Bí Táyé bá lè fi búláńkẹ́ẹ̀tì sùn, èmi náà á fi sùn.

Ó dà bíi pé ooru ilé wa burú sí i lẹ́yìn tó lọ, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fiyè sí i. Páànù orí ilé náà kò ga, kò sì sí sílìn gidi lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń dún pa, pa lọ́sàn-án bí oòrùn ṣe ń nà án. Iná kì í sábà sí, fáànù kan ṣoṣo tá a ní á kàn dúró síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a ó gbé ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màámi á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ohun tó sì máa ń sọ bó ṣe ń fẹ́ mi ni pé, "Táyé mi ò ní máa làágùn níbi tó wà báyìí." Ohùn tó fi ń sọ ọ́ máa ń dùn. Bí òógùn tèmi bá ṣe ń pọ̀ tó ni inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó nítorí Táyé. Èmi ni mò ń làágùn, Táyé ni wọ́n ń bá yọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní jowú?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà mi lọ sílé ìwé. Mo wọ̀ ọ́ lé yunifọ́ọ̀mù lórí, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn bí Màámi ṣe de ti Táyé. Tísà wa, obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Ẹ́sítéètì Gówọ̀n lójoojúmọ́, wò mí títí lórí ìlà, ó sì béèrè bóyá ara mi ò yá.

"Ara mi yá, mà," mo ní. "Ìbejì ni mí."

Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Mo gbìyànjú ikọ́ náà. Bí Màámi bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé, màá lọ dúró sínú eruku, màá la ẹnu. Eruku náà ò ṣe mí ní nǹkan kan ju pé eyín mi ń ro kẹ́kẹ́. Nígbà tí ikọ́ gidi kọ̀ láti wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara mi ṣe é, fée, fée, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lára Táyé. Màámi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí mo ṣe é lójú rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, kò sì dìde.

"Táyé ló ni ikọ́ yẹn," ló wí. "Bá a fi sílẹ̀."

Bí a ṣe wà nìyẹn fún bí ọdún méjì. Ìyá Sùúrù ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó da gbogbo rẹ̀ rú. Èmi àti Màámi jọ lọ ra kẹrosíìnì lọ́jọ́ náà ni. Mo wọ súwẹ́tà mi. Ìyá Sùúrù wò mí, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyá Ìbejì," ló ní, "ẹ fi ọ̀kan sínú afẹ́fẹ́, ẹ fi ọ̀kan sínú ooru. Àwọn ọmọ yìí kì í gba irú ẹ̀ o. Àbí ẹ ò bẹ̀rù ni?"

Màámi dáhùn pé ọmọ Jésù lòun, òun ò bẹ̀rù nǹkan kan. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá lóòótọ́, Bàbá wa tiẹ̀ ń gbé àpótí owó kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń gẹ ìbejì, tí wọ́n ti ń bẹ̀ wọ́n, ni wọ́n ti tọ́ Màámi dàgbà. Láti kékeré ló ti gbọ́ pé ìbejì tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè bínú, kó sì padà síbi tó ti wá. Ó gbé kẹrosíìnì, a sì rìn délé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ibà lásán ni, irú èyí tí gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́dá máa ń ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀fọn sì ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí Màámi fi ń wò mí yàtọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tó ti di ẹrù rẹ̀ tán, tó kàn ń dúró kó dágbére. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Kẹ́hìndé, kí lo fẹ́? Sọ ọ́. Màá ṣe é."

Ara mi gbóná, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo ní, "Òkè."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní ojú ọjọ́ kì í ṣe ẹran tí èèyàn lè gé sí méjì. Màámi ní, "Ẹ jẹ́ kí n gé e." Ó ní ọdún méjì rèé tí Táyé kò ti húkọ́, àyà rẹ̀ ti san, kí Kẹ́hìndé náà lọ jẹ ìpín tirẹ̀. Ọdún kan fún eléyìí, ọdún kan fún èyíinì, bí wọ́n á ṣe máa ṣe é nìyẹn. Kò sí dókítà tó gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kò sì bi dókítà kankan.

Ìdíkọ̀ réluwéè ní Agége ni wọ́n ti pààrọ̀ wa. Bọ̀ọ̀dá Láńre mú Táyé sọ̀kalẹ̀, wọ́n sùn mọ́jú ní ilé ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan níbẹ̀, Màámi sì mú mi pàdé wọn láàárọ̀. Táyé ti sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ara rẹ̀ ń dán, àwọn nǹkan wéwé tí ooru máa ń sọ sí wa lọ́rùn ti pòórá lọ́rùn tirẹ̀. Wọ́n máa ń ṣi èmi àti ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá ṣì wá mú. Mo jowú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Ó dì mọ́ mi, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rò kò ju pé ó kàn mí, ó ti kàn mí wàyí.

Kí n má purọ́, Òkè dára ju bí Táyé ṣe ròyìn rẹ̀ lọ. Ìlú náà wà nísàlẹ̀ bí ọbẹ̀ nínú àwo, òkè yí i ká. Láàárọ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀, o ò ní rí ilé kejì. Tó bá yá, oòrùn á la ìkùukùu náà díẹ̀díẹ̀, koríko á yọ, màlúù á yọ, lẹ́yìn náà ni àwọn òkè fúnra wọn á wá yọ. Oòrùn ọ̀sán kàn máa ń gbé ọwọ́ lé ọ léjìká ni. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, Bọ̀ọ̀dá Láńre á dáná sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe pé ó fẹ́ se nǹkan, ká lè jókòó tì í lásán ni. Mi ò rí iná ìgbádùn rí kí n tó débẹ̀. Iná tí mo mọ̀ nílé wa, èèyàn máa ń sá fún un ni.

Mo wá àléébù ojú ọjọ́ náà títí. Mo gbà lọ́kàn mi pé oṣù kan gbọ́dọ̀ wà tó máa bàjẹ́, tí Táyé kò dárúkọ rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Òjò dé, ó rọra rọ̀, ó lọ. Mo wá bi Bọ̀ọ̀dá Láńre níbi tó ti ń bó ànàmọ́ òyìnbó fún àwọn àlejò.

"Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ni ooru wọn máa ń dé?"

"Kì í dé."

"Òtútù ńkọ́? Èyí tó ń pani?"

"Kì í dé náà." Ó gbójú kúrò lára ọ̀bẹ, ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ kó dé ni?"

Ọdún méjì ni Táyé fi ń jí sínú nǹkan yìí lójoojúmọ́ nígbà tí èmi ń jẹ eruku. Inú tún bí mi sí i lọ́tun, lórí àwọn ọjọ́ tó ti lò kọjá.

Táyé ni gbogbo ìlú náà ń pè mí. Ìyá kan tó ń ta kárọ́ọ̀tì, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan ju orúkọ yẹn lọ, á na kárọ́ọ̀tì sí mi láàárọ̀, á ní, "Táyé." Mo máa ń gbà á. Ibi tó ń sùn sí ni mò ń sùn sí, búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mò ń bò, òórùn irun rẹ̀ ṣì wà lára ìrọ̀rí. Mo ti di Táyé pátápátá, ó sì dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi títí di ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì dé láti Ẹgbẹ́dá.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Sùúrù lókèèrè tó ń bá oníbàárà jà. Mo gbọ́ ẹ̀rín Táyé, ẹ̀rín ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màámi sún mọ́ rédíò, ohùn rẹ̀ dùn bó ṣe máa ń dùn yẹn, ó ní, "Kẹ́hìndé mi ò ní máa làágùn níbi tó wà báyìí."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fẹ́ kó sọ nípa mi láti ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tó dára jù ní gbogbo Nàìjíríà, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, ó sì dùn mí wọnú eegun. Torí mo tún gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ ohùn rẹ̀, fẹ̀, fẹ̀, fẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni. Màámi ló ń fi fẹ́ Táyé. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ lọ, Táyé húkọ́, ikọ́ kékeré báyìí, Màámi sì pa ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ tì. "Wá," ló wí fún Táyé. "Wá jókòó sórí ẹsẹ̀ mi." Kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí lọ láìsí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi yẹn ni mo máa ń tún gbọ́. Mo ń dá a padà, mo ń gbọ́ ọ, mo ń dá a padà, títí tí bátìrì fi rẹ̀ ẹ́ tí ohùn Màámi sì wúwo bí ohùn ọkùnrin. Bọ̀ọ̀dá Láńre yọ bátìrì náà, ó gbé e pamọ́. Nígbà tí mo wà nínú ooru, afẹ́fẹ́ Táyé ni mò ń jowú. Mo bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tán, ooru Táyé ló wá ń wù mí. Mo fẹ́ kí Màámi fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ibi tí mo sì wà, kò sí ooru tó lè mú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ni lábẹ̀bẹ̀. Mo tiẹ̀ jowú ikọ́ yẹn.

Ọyẹ́ dé sí Ẹgbẹ́dá lọ́dún náà bó ṣe máa ń dé. Àyà Táyé, tí Màámi rò pé ó ti san, kò san. Òkè ló gbé e dúró fún ọdún méjì yẹn. Ọdún mi kò tíì pé rárá lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo rí Màámi tó ń gun ọ̀nà ilé ìsinmi náà bọ̀, tó pọn Táyé sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ẹ̀yìn Màámi ló wà. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ mi, mo wá rí ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí, mo sì rí ètè rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí tí mi ò lè kí wọn káàbọ̀.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn rọra ń dé, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mu ògì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó béèrè kárọ́ọ̀tì. Màámi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Táyé ti ń sùn dáadáa, ó pè mí, ó sì ní kí n jókòó síwájú òun.

"Kẹ́hìndé, ọdún rẹ kò tíì pé," ló wí. "Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Bọ̀ọ̀dá Láńre ò lè gba ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé wàá jẹ́ kí n fi ìyókù fún Táyé?"

Màámi tó jẹ́ pé ojú lásán ló fi ń bá wa wí ló ń bẹ̀ mí. Mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀, ìbẹ̀rù ìgbà ibà yẹn ni. Bí mo bá sọ pé rárá, mo mọ̀ pé ó lè pọn Táyé padà sínú eruku lóòótọ́ kó má baà rẹ́ mi jẹ. Mo wo Táyé lórí ẹní, ìró Màámi ló fi bora. Mo wo àwọn òkè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bó ṣe máa ń fẹ́, kò gbóná, kò tutù.

"Kó gba gbogbo ẹ̀," mo ní. "Kó gba ti ọdún yìí àti ti gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni tèmi."

Àwọn tí mo ti ròyìn rẹ̀ fún máa ń yìn mí níbí yìí. Wọ́n á ní ọmọdé tó lójú àánú. Ẹ má yìn mí o. Wọ́n gbé nǹkan méjì síwájú mi, mo mú èyí tó dára jù.

Táyé ò tiẹ̀ sùn. Ó gbórí sókè díẹ̀ lórí ẹní, èémí rẹ̀ kò tíì tó láti fi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní, "Màámi, Kẹ́hìndé ti rẹ́ mi jẹ."

Màámi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa etí ìró náà, tó fi bo ojú ara rẹ̀, ejìká rẹ̀ sì ń mì. Kò dá ẹnì kankan nínú wa lẹ́bi, kò sì yí ìpín náà padà. Nígbà tó máa padà sí Ẹgbẹ́dá, èmi ló tẹ̀ lé e.

Bó ṣe rí fún wa títí a fi dàgbà nìyẹn. Táyé lọ sílé ìwé lọ́hùn-ún, ó fẹ́ ọkọ lọ́hùn-ún, ó ti ní ilé àlejò tirẹ̀ báyìí, yàrá bíi mélòó kan tí ọgbà òdòdó yí ká. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ooru. Èmi kọ́lé sí Ìgàndó, Bàbá wa sì ti kú kí n tó kọ́ ọ. Màámi bá mi kó wá. Lójoojúmọ́ ló ń rí sí ọbẹ̀ mi, tó ń bá àwọn ọmọ mi wí, tó ń bú aṣọ tí mo bá wọ̀ jáde. Bí Táyé bá fi fọ́tò òkè rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pẹ̀lú ìkùukùu àti koríko tútù, inú mi máa ń ta díẹ̀, màá sì gbójú sókè wo Màámi níbi tó jókòó sí. Ìyẹn náà máa ń tó mi.

Ní ọdún tó kọjá, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọjọ́ orí ni àti eruku Ìgàndó, àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà ò sì parí rẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń rùn bí ilé ìwòsàn. Táyé ní kí n gbé e wá fún oṣù díẹ̀ péré. Mo gbé e lọ. Ó ti pẹ́ ju oṣù díẹ̀ lọ báyìí. Táyé pè mí lánàá, ó ròyìn pé Màámi kò húkọ́ mọ́, pé ó ń jí láàárọ̀, á wọ súwẹ́tà, á sì rìn yí ọgbà ká láìfi igi tilẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ béèrè, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti wọ réluwéè lọ gba tirẹ̀ padà. Òun ló pín nǹkan wọ̀nyí, ó sì mọ ìpín oníkálukú. Èmi àgbàlagbà ní kí Táyé jẹ́ kí Màámi máa jókòó síbẹ̀, kí ara rẹ̀ le. Mo sọ ọ́ dáadáa, ohùn mi ò mì, Táyé sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Mo wá jókòó sínú yàrá Màámi, mo ń wo bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ kalẹ̀ dè é. Táyé ti ní méjèèjì báyìí, mo sì ń jowú rẹ̀.